Ìwé Owó tí Wọ́n Fi Ṣe Tírà

Ẹ̀yin jàmáà, kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá gbogbo wa gbé. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa láàárọ̀, tó fún wa lẹ́sẹ̀ tí a fi rìn débí, tó sì fún àwọn kan nínú yín lẹ́nu tí wọn ò tíì jẹ́ kó sinmi látìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ẹ̀yin ìyá lápá ọ̀hún, ẹ yá mi létí yín díẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ pa fóònù. Ọ̀rọ̀ ogún ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀tọ́ obìnrin nínú ogún bàbá rẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, hàráàmù ló kó sínú.

Ẹ wò ó bí apá iwájú ṣe dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa dákẹ́. A mọ bí wọ́n ṣe ń pín ẹran iléyá, a mọ bí wọ́n ṣe ń pín sàráà, àní a mọ ẹni tí itan tọ́ sí. Ṣùgbọ́n tó bá kan ilé tí bàbá wa kú fi sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi obìnrin, a ó ní, "Àṣà wa níbí ni pé obìnrin kì í jogún ilé." Àṣà ta ni? Ṣé àṣà ló máa bá ọ dáhùn nínú sàréè?

Ẹ má fajú ro. Ìtàn ẹ̀rín ni mo gbé wá, ẹ rín in dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ń rẹ́rìn-ín, kí kálukú máa rántí ilé bàbá tiẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Ẹdẹ, Àwáwù lorúkọ rẹ̀. Opó ni, bùtà àlùwàlá ló ń tà, àtèyí oníke àtèyí onípáànù, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà àti ẹní ìkírun. Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ló ń pàtẹ sí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló háyà tó ń kó ọjà sí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ló ń sùn. Onílé wá pè é lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìgbà ààwẹ̀ ni bùtà ń tà jù. Níbo ni obìnrin yìí fẹ́ kó bùtà lọ?

Bẹ́ẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ wà lójú títì, yàrá mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ni Àwáwù ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Yàrá iwájú kan wà níbẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, gbogbo ẹni tó bá ń lọ sọ́jà ló máa rí i. Tí Àwáwù bá dé ibẹ̀, á rọra rìn, á máa so bùtà mọ́ fèrèsé yẹn nínú ọkàn rẹ̀: pupa lókè, aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, á mí kanlẹ̀, á kọjá lọ.

Ta ló wà nínú ilé? Bùráímọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Ìyá wọn ti kú ṣáájú, àwọn méjèèjì nìkan ni bàbá wọn fi sáyé lọ. Bùráímọ̀ ń gbé yàrá kan, ó fi mẹ́rin háyà fún àwọn ayálégbé, ó ń gba owó. Yàrá iwájú yẹn ńkọ́? Alùpùpù tó ti bàjẹ́ ló tì síbẹ̀, pẹ̀lú àga tí kò lẹ́sẹ̀. Ó kúkú tì í pa, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí.

Báwo ni wọ́n ṣe pín ogún? Ẹ gbọ́ bí Bùráímọ̀ ṣe pín in. Bàbá wọn, Bàbá Yésúfù, òṣìṣẹ́ relùwéè ni láyé ọjọ́un. Ohun kan wà tí bàbá náà máa ń gbé sókè àjà, wọ́n fi awọ rán an pa yíká, kì í jẹ́ kí omi kàn án, kì í sì í sọ ohun tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ikú pa á lójijì, kò ráyè sọ. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Bùráímọ̀ pe Àwáwù sí yàrá, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi, ilé kì í ṣe nǹkan. Amọ̀ ni. Ohun tó ṣe iyebíye jù tí Bàbá fi sílẹ̀ nìyí, tírà tó ń ṣọ́ Bàbá láti ọjọ́ yìí wá. Èmi ló yẹ kí n mú un, ṣùgbọ́n mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ. Máa mú un lọ. Èmi á máa fara da ilé."

Ẹ gbọ́ o. Ó máa fara da ilé.

Ọ̀fọ̀ ṣì tutù lára Àwáwù. Ó gba awọ náà, ó gbé e símú, òórùn bàbá rẹ̀ ló ń gbọ́ lára rẹ̀. Ó sunkún, ó dúpẹ́, ó gbé e lọ kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ dáadáa ni, kò mọ̀ pé wọ́n ti yan òun jẹ.

Ìgbà tó yá ni tírà yìí gbòkìkí. Ẹni tí orí ń fọ́, wọ́n á fi kan iwájú orí rẹ̀, á ní ó ti fúyẹ́. Ọmọ tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn, wọ́n á fi sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Tí aboyún bá ń rọbí láàárín àdúgbò, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni, "Ẹ sáré lọ yá tírà Àwáwù wá." Wọ́n á gbé e lé ikùn rẹ̀, á sì bí wẹ́rẹ́. Sínótù ìyàwó alágbẹ̀dẹ, ìbejì ló bí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń mi orí yẹn, mo rí yín. Mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ tírà láti ọdún tó kọjá, ẹ ò dá mi lóhùn. Ẹ ní sùúrù.

Òjò ọdún tí onílé ní kó kó jáde yẹn dé, páànù ṣọ́ọ̀bù ń jò, omi wọ inú awọ. Okùn tí wọ́n fi rán an já. Àyà Àwáwù já pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbé e, ó di ọ̀dọ̀ lémọ́mù wọn, Alfa Gbàdàmọ́sí, alfa tó gbọ́ kéwú tó tún ka ìwé òyìnbó.

"Alfa, ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi tún un kọ kí omi tó fọ̀ ọ́ nù. Gbogbo ogún mi nìyẹn."

Alfa tú awọ. Ó fa ìwé kan yọ nínú rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn. Kò rí álífù kan níbẹ̀. Òòtẹ̀ ìjọba ló rí, àti orúkọ Bàbá Yésúfù. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Àwáwù, kì í ṣe tírà. Ìwé owó ni. Bọ́ǹdì ni wọ́n ń pè é. Ìjọba ló ń tà á nígbà náà. O máa kó owó fún wọn, wọ́n á fún ọ níwèé, tó bá pẹ́, o máa gba owó rẹ padà pẹ̀lú èlé. Ó dà bí ẹni pé inú owó oṣù relùwéè ni bàbá rẹ ti ń yọ ọ́. Ikán ló ń sá fún tó fi rán awọ bò ó."

Àwáwù jókòó sílẹ̀.

"Alfa. Ṣé ìwé owó ni Sínótù gbé lé ikùn bí ìbejì?"

Alfa fẹ́ mú ojú le, kò ṣeé ṣe. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ọlọ́hun ló gbẹ̀bí Sínótù, Àwáwù. Ọlọ́hun náà ló gbẹ̀bí àwọn tó kù." Ṣé ẹ gbọ́, ẹ̀yin ìyá? Orí tó fúyẹ́ yẹn, ìwé owó ìjọba ni wọ́n fi kàn án.

Àwáwù wá béèrè ohun tí èmi náà ì bá béèrè. "Èló ni?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n kọ síbẹ̀, owó ńlá ni nígbà náà. Ọ́fíìsì kan wà ní Ìbàdàn tó ń rí sí irú rẹ̀. Wọ́n á mọ ohun tó tó báyìí."

Ẹ mọ ẹnu wa. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun Àìlà, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran. Ẹnì kan ní ẹnì kan ní Èkó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó fi kọ́lé alájà mẹ́ta. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, Àwáwù ti di olówó mílíọ̀nù. Onílé tó ní kó kó jáde wá kí i, ó pè é ní Alájà. Àwáwù tí kò tíì rí pápákọ̀ òfuurufú rí.

Ní ọjọ́ kejì, ta ni Àwáwù máa gbójú sókè rí? Bùráímọ̀ ni, nínú agbádá.

"Àbúrò mi àtàtà, ṣé dáadáa lo wà? Mo gbọ́ pé ìwé Bàbá wa ti yọjú."

Bàbá wa. Nígbà tó jẹ́ tírà, ti Àwáwù ni. Nígbà tó di owó, ó di ti Bàbá wa.

Àwáwù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e fún mi."

"Tírà ni mo gbé fún ọ. Ṣé tírà ni? Alfa ti ní kì í ṣe tírà. Ohun tí mo fún ọ kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá."

Ẹ ò rí i bí orí ọkùnrin ṣe ń ṣiṣẹ́ tí owó bá wọ ọ̀rọ̀? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, ó di iwájú Alfa, ní ojúde mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Jàmáà pé bí ọjọ́ ọdún. Bùráímọ̀ dìde, ó ká agbádá lé èjìká.

"Ẹ bá mi bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Mùsùlùmí ni wá, a kì í ṣe kèfèrí. Ohunkóhun tí òkú bá fi sílẹ̀, Ọlọ́hun ti bá wa pín in: ìpín méjì fún ọkùnrin, ìpín kan fún obìnrin. Mi ò béèrè ju bí Ọlọ́hun ṣe wí lọ."

Alfa Gbàdàmọ́sí wò ó. "Bùráímọ̀, ohunkóhun?"

"Ohunkóhun, Alfa."

"Ẹ̀yin jàmáà, ṣé ẹ gbọ́?"

Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Àwáwù jókòó láàárín àwọn obìnrin. Inú ń bí i gidi. Ó mọ̀ pé tí òun bá ní, "Wọ́n ti fún mi, mo ti gbà á," gbogbo àdúgbò ló máa jẹ́rìí pé tírà Àwáwù ni wọ́n ń pè é, ó sì ṣeé ṣe kí Alfa gbè é lẹ́yìn. Gbogbo mílíọ̀nù lè di tirẹ̀ nìkan. Ahọ́n rẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n "ohunkóhun" tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ yẹn ń dún létí rẹ̀, fèrèsé ojú títì sì yọ sí i lójú, tòun ti bùtà pupa lókè, aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Ó dìde.

"Alfa, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ, èmi náà ò fẹ́ ju bí Ọlọ́hun ṣe wí lọ. Ẹ jẹ́ ká pín ohunkóhun tí Bàbá fi sílẹ̀. Ìbàdàn jìnnà, ilé ló wà nítòsí. Ẹ jẹ́ ká ti ibi ilé bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo èèyàn ń wo Bùráímọ̀ bó ṣe ń ṣírò. Yàrá mẹ́fà, ìpín mẹ́ta, yàrá méjì ni ti Àwáwù. Kí ni yàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpín méjì nínú mílíọ̀nù? Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìdí.

"Yan èyí tó bá wù ọ́. Ṣáà yára, kí ọ́fíìsì Ìbàdàn má baà tì."

Àwáwù mú yàrá iwájú, ó mú èyí tó tẹ̀ lé e, tòun ti ayálégbé inú rẹ̀. Alfa àti àwọn àgbààgbà tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn méjèèjì, wọ́n jẹ́rìí sí i. Àwáwù gba kọ́kọ́rọ́, ó so ó mọ́ ìdí tirẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Bùráímọ̀ ló san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, ó ra búrẹ́dì àti àkàrà fún àbúrò rẹ̀. Ó gbé báàgì ńlá kan dání. Òfo ni báàgì náà. Ẹ mọ ohun tó gbé e dání fún.

Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù ló dá wọn lóhùn ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gba ìwé, ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.

"Bàbá, Màmá, ìwé yín pé, kò sí màgòmágó nínú rẹ̀. Owó yín wà."

Bùráímọ̀ ṣí ẹnu báàgì.

"Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn yẹn, nígbà tí wọ́n yí owó padà sí náírà, ó di igba náírà. Èlé rẹ̀ náà wà, ọgọ́rùn-ún náírà. Ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ pé ni èlé ti dúró, kò lé mọ́ látìgbà náà."

"Igba kí ni?"

"Igba náírà, sà."

"Igba ẹgbẹ̀rún?"

"Rárá, sà. Kò sí ẹgbẹ̀rún níbẹ̀."

Omi kọ́kọ́ lé sójú Àwáwù. Bàbá rẹ̀ ló ń rò, bàbá tó ń febi pa ara rẹ̀ lóṣooṣù kí ọmọ lè rí nǹkan jẹ lẹ́yìn òun. Owó tó lè kọ́ yàrá nígbà náà ti di owó ẹ̀pà. Ó káàánú bàbá náà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró síìpù báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bùráímọ̀ ń rọra fà á padà, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rín ti ikùn Àwáwù wá. Ó mú un mọ́ra títí tí wọ́n fi gba owó tán, tí wọ́n fi jáde.

Wọ́n yọ ọgọ́rùn-ún náírà èlé sọ́tọ̀, torí ribà ni, Ọlọ́hun kọ owó èlé, kì í ṣe tiwọn. Wọ́n ní àwọn á fi kún owó ìgbálẹ̀ ilé ìyàgbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ó ku igba náírà. Ní gáréèjì, Àwáwù fi gbogbo rẹ̀ ra ẹ̀pà. Ó tẹ́ ìwé sórí itan nínú ọkọ̀, ó pín ẹ̀pà sí ìpín mẹ́ta, ó ti méjì síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìpín yín nìyí. Bí Ọlọ́hun ṣe wí."

Bùráímọ̀ wo ẹ̀pà, kò fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ ti fi Ìbàdàn sílẹ̀.

"Àwáwù, má parọ́ fún mi. Ṣé o ti mọ̀ pé kò tó nǹkan ni?"

"Wàlàhí, mi ò mọ̀. Ká ní mílíọ̀nù ni, ìpín kan ni ǹ bá mú, ǹ bá sì dúpẹ́. Yàrá ni mo ń wá."

Bùráímọ̀ ò wojú rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá ni mo ti mọ̀ pé o ní yàrá níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo jókòó lé e. Gbogbo owó ilé tí mo ti gbà láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́, Àwáwù? Báwo ni mo ṣe fẹ́ san án?"

Àwáwù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo agbádá, ó wo báàgì òfo tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ jẹ ẹ̀pà yín," ló wí.

Bùráímọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀, Àwáwù náà ò lè mú tirẹ̀ mọ́ra mọ́. Àwọn èrò ọkọ̀ ń wò wọ́n, wọn ò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọkùnrin, mo rí ẹni tó ń fojú wá arábìnrin rẹ̀ lápá ọ̀hún. Àwáwù ló ní kó jẹ ẹ̀pà. Tìrẹ lè má sọ bẹ́ẹ̀ o. Tìrẹ lè ní kó o san gbogbo rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kó o sì san án.

Kí ààwẹ̀ tó wọlé, Àwáwù ti kó sí ilé bàbá rẹ̀. Bùráímọ̀ ló gbé alùpùpù jáde fúnra rẹ̀, òun náà ló gun àpótí kan ìṣó mọ́ ojú fèrèsé, tí Àwáwù ń na bùtà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Pupa lókè, aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Wọn ò tíì kọ́ ọ tán tí obìnrin kan fi sáré dé, gèlè lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ń rọbí, tírà Àwáwù ló fẹ́ yá.

Bùráímọ̀ dá a lóhùn látorí àpótí. "Ìyá, ẹ gbé ọmọ yín lọ sí ọsibítù, a ó máa ṣàdúà tẹ̀ lé yín. Ní ti tírà, a ti jẹ ẹ́. Ìpín méjì lèmi jẹ."

Ẹ rín in, ẹ rín in. Kí ẹ tó dìde, ẹ bi ara yín: èló ni ìwé yẹn tó? Ọ́fíìsì ní igba náírà. Àwáwù ní yàrá méjì. Bùráímọ̀ ńkọ́? Ẹrù hàráàmù ló sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé, àbúrò rẹ̀ sì ń bu oúnjẹ ìṣínu fún un nírọ̀lẹ́. Ìyẹn ju mílíọ̀nù tó gbé báàgì lọ kó lọ. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ló mú un pe orúkọ Ọlọ́hun sí ogún. Ìwọ tó ò ní rí bọ́ǹdì kankan lókè àjà, kí lo fẹ́ dúró dè? Lọ pe arábìnrin rẹ lónìí. Ẹ jọ jókòó. Fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ìwọ Ọlọ́hun tó pín nǹkan láìrẹ́ni jẹ, fi ọ̀nà rẹ hàn wá kí ojúkòkòrò tó fi tiẹ̀ hàn wá. Ẹni tí ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, fún un ní ọkàn tó máa fi dá a padà nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà. Ẹni tí wọ́n jẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, jẹ́ kó rí i gbà pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn aboyún wa, Ìwọ nìkan ni kó o gbẹ̀bí wọn. Àwọn bàbá tó febi pa ara wọn nítorí wa, tẹ́ sàréè wọn sí rere.

Ẹ ṣe àmín kó dé ilé. Ẹ̀yin iwájú, tiyín ni mo fẹ́ gbọ́ jù.